Nígbà tí Egungun Jẹ́rìí sí Sinimá Róòmù

Ìbéèrè kan wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í yé bi olùkọ́ tí wọ́n bá ti wo Gladiator tán: "Tíṣà, ṣé bó ṣe rí nìyẹn lóòótọ́?" Ìbéèrè gidi ni, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò tó o dáhùn. Ohun tí mo fẹ́ ká jọ ṣe ni pé ká mú díẹ̀ nínú ohun tí sinimá fi hàn wá, ká gbé e lọ síwájú àwọn ẹlẹ́rìí tí kò mọ̀ pé sinimá wà láyé: egungun inú ilẹ̀, iná, omi, àti ọ̀dà tó ti ṣá lára òkúta. Àwọn wọ̀nyí kì í gba rìbá, wọn kì í sì í ṣe ojúsàájú. Ẹ fara balẹ̀, a ò ní sáré.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ìtàn kúrò lọ́nà, torí ìyẹn kò le. Gladiator jáde ní ọdún 2000. Ridley Scott ló darí rẹ̀, Russell Crowe ló ṣe Maximus, fíìmù náà sì gba ẹ̀bùn Oscar márùn-ún. Maximus kò sí nínú ìtàn Róòmù, àwọn òǹkọ̀wé ló hun ún. Késárì Marcus Aurelius wà, ọmọ rẹ̀ Commodus náà sì wà. Nínú fíìmù, ọmọ dí bàbá nímú títí ẹ̀mí fi bọ́ kí òun lè jọba. Nínú ìtàn tí wọ́n kọ sílẹ̀, bàbá ti fi ọmọ jọba pẹ̀lú ara rẹ̀ láti ọdún 177, ó sì kú ní oṣù Kẹta ọdún 180 nígbà tó wà lójú ogun. Commodus lo ọdún méjìlá sí i lórí oyè. Kò kú sójú agbo rárá. Ajìjàkadì kan tó ń jẹ́ Narcissus ni wọ́n rán sí i, ó sì fún un lọ́rùn pa ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 192. Ohun tó dùn mọ́ mi nínú rẹ̀ ni pé ibi tí ọ̀pọ̀ òǹwòran ti máa ń sọ pé àsọdùn ti wọ̀ ọ́, ìyẹn pé Késárì fúnra rẹ̀ gbé idà wọ agbo lọ jà, òótọ́ pọ́ńbélé ni. Commodus jà níwájú ará ìlú, ó sì gba owó gọbọi lé e lórí.

Ọdún méjìlá kò lè wọ inú wákàtí méjì ààbọ̀ kó má yí padà, nítorí náà èmi ò bá wọn jà lórí ìyẹn. Ibi tí ẹ̀kọ́ wà ni àwọn nǹkan tí ojú ń rí tí ẹnu kì í bèèrè.

Ẹ rántí ogun tí fíìmù náà fi bẹ̀rẹ̀, tí àwọn ọmọ ogun Róòmù dojú kọ àwọn ẹ̀yà Jámánì nínú igbó tútù. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ya apá yẹn, nínú igbó kan nítòsí Farnham. Wọ́n tiná bọ ọfà, ọ̀gá pàṣẹ, ọfà abiná sì gba ojú ọ̀run kọjá lọ rẹrẹẹrẹ. Ó dùn ún wò. Ṣùgbọ́n kí ni iná ń fẹ́ kó tó lè wà láàyè? Ó ń fẹ́ ohun tí yóò jó, ó ń fẹ́ ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́, ó sì ń fẹ́ ooru tó tó láti mú kí jíjó náà máa bá a lọ. Ẹ mú ọ̀kan kúrò, iná kú. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí àgbàlagbà bá wà nítòsí, ẹ tan àbẹ́là kan kí ẹ sì fẹ́ ẹ. Ó kú. Ẹ wá mú ẹ̀yinná kan nínú ààrò, kí ẹ fẹ́ òun náà. Kò kú, ńṣe ló tún pọ́n yòò sí i. Èémí kan náà, ẹnu kan náà, kí ló dé tí èsì wọn ò fi dọ́gba?

Iná àbẹ́là kì í jó nínú òwú. Ooru ló ń yọ́ ìda, ìda á di oru, oru yẹn ló sì ń jó lókè òwú. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ, ẹ ti gbá oru àti ooru lọ kí wọ́n tó rí ara wọn. Ti ẹ̀yinná yàtọ̀. Èédú fúnra rẹ̀ ló ń jó, ooru ti wọ̀ ọ́ lára, ọ́síjìn tí ẹ fẹ́ sí i á wá di oúnjẹ fún un. Ó wá ku ọfà. Aṣọ tí wọ́n rẹ sínú epo tí wọ́n sì wé mọ́ ṣóńṣó ọfà, inú oru epo ni iná rẹ̀ ti ń jó, bíi ti àbẹ́là. Atẹ́gùn tí ọfà tí wọ́n fi gbogbo agbára ọrun ta ń pàdé lójú ọ̀nà le ju èyí tí ẹnu ọmọ ènìyàn lè fẹ́ lọ fíìfíì. Bó bá ṣe yára tó ni yóò ṣe tètè kú tó.

Àwọn ará Róòmù mọ èyí dáadáa. Ammianus Marcellinus, ọmọ ogun tó di òpìtàn ní nǹkan bí ẹgbẹ̀jọ ọdún ó lé díẹ̀ sẹ́yìn, ṣàlàyé ọfà abiná tiwọn. Esùsú ni ara rẹ̀. Wọ́n fi irin tó ṣófo nínú, tó ní ihò káàkiri ara, sí apá orí rẹ̀. Inú irin yẹn ni iná ń gbé pẹ̀lú ohun tó ń jó. Ó ní ọrun tí wọn ò fà le ni kí wọ́n fi ta á, jẹ́jẹ́, torí bó bá sáré, iná á kú. Ó ní omi kì í pa á, ńṣe ni omi tún ń ru ú sókè. Erùpẹ̀ nìkan ló lè borí rẹ̀. Ẹ wo bí ọgbọ́n ṣe pọ̀ nínú àlàyé kúkúrú yẹn. Àgò irin kò jẹ́ kí atẹ́gùn gbá ooru lọ, ọrun tí kò le sì dín atẹ́gùn náà kù. Ohun tí wọ́n fi ń dáná sun ilé àti ẹ̀rọ ogun ọ̀tá ni, ó sì ní ibi tó yẹ ẹ́. Wọn kì í tò ó lẹ́sẹẹsẹ ta sí ènìyàn nínú igbó olótùútù. Lójú tèmi, ìdí tó fi wọ sinimá kò ju pé ọfà tí kò jó kì í hàn dáadáa lójú kámẹ́rà.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sí ibi tí ọ̀rọ̀ ti lọ́ràá jù, ìyẹn ara àwọn gladiator, àwọn oníjà tí Róòmù ń fi ṣe ìran wò.

Ní ọdún 1993, àwọn awalẹ̀pìtàn láti ilẹ̀ Austria tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Éfésù, ìlú tí Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí, tó wà ní orílẹ̀-èdè Tọ́kì òde òní, já sí ibi ìsìnkú kan. Wọ́n bá òkúta ibojì níbẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ àwòrán àwọn oníjà sí, wọ́n sì bá egungun àwọn tó lé ní ọgọ́ta. Ọkùnrin ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ọ̀pọ̀ wọn kò sì tíì ju ọgbọ̀n ọdún lọ. Karl Grossschmidt àti Fabian Kanz, onímọ̀ nípa egungun láti Vienna, ló gbé iṣẹ́ náà dé iwájú ẹ̀rọ.

Báwo ni egungun ṣe ń sọ ohun tí olówó rẹ̀ jẹ? Egungun kì í ṣe òkúta. Bí ènìyàn bá wà láàyè, ara ń wó egungun díẹ̀díẹ̀, ó sì ń tún un mọ láti inú oúnjẹ, nítorí náà ohun tí a jẹ ń wọ̀ ọ́ lára bí aró ti ń wọ aṣọ. Kálíṣíọ̀mù ló pọ̀ jù nínú ohun tí ara fi ń mọ ọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń ṣe kẹ́místírì, ẹ wo tábìlì àwọn ẹ́límẹ́ǹtì: ẹ ó rí strontium lábẹ́ kálíṣíọ̀mù gan-an, nínú òpó kan náà. Àwọn tó bá wà nínú òpó kan náà máa ń hùwà jọ ara wọn. Ara máa ń ṣi strontium mú ní kálíṣíọ̀mù, á sì kó o mọ́ egungun. Síbẹ̀ ìfun ẹranko mọ̀ wọ́n yàtọ̀ díẹ̀, kálíṣíọ̀mù ni ó máa ń gbà jù. Màlúù tó jẹ koríko ti sẹ́ púpọ̀ nínú strontium inú koríko náà kù kí wàrà rẹ̀ tó dé ẹnu wa. Ẹni tó bá ń gbé lórí ọkà àti ẹ̀wà, strontium egungun rẹ̀ á ga. Ẹni tó bá ń mu wàrà gan-an, tirẹ̀ á rẹlẹ̀.

Wọ́n wọn strontium inú egungun àwọn oníjà náà, ó ga. Èyí bá ìwé mu, torí àwọn ará Róòmù ìgbà náà máa ń pe àwọn oníjà ní ajẹkà-bálì, wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ wọn. Ọkà bálì àti ẹ̀wà ni oúnjẹ wọn, ẹran ò sì pọ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tẹ èsì mìíràn jáde ní ọdún 2014, wọ́n fi àwọn oníjà wé àwọn ará ìlú tó kú ní Éfésù kan náà, ọ̀rọ̀ sì ta kókó. Àyẹ̀wò kábọ́ọ̀nù àti náítírójìn sọ pé oúnjẹ wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ti ará ìlú. Kí ló wá dé tí strontium tiwọn fi ga ju ti ará ìlú lọ lọ́nà tó hàn gbangba? Bí oúnjẹ bá jọra, ó ní láti jẹ́ pé ohun mìíràn gba ẹnu wọn wọlé.

Eérú ni àwọn onímọ̀ fura sí. Pliny, òǹkọ̀wé Róòmù kan, ti sọ ọ́ tipẹ́ pé àwọn oníjà máa ń mu omi eérú lẹ́yìn ìjà. Eérú igi kún fún kálíṣíọ̀mù àti strontium tí igi ti fà láti inú ilẹ̀. Ẹni tí egungun rẹ̀ ń ṣẹ́, tó sì ń jinná, nílò kálíṣíọ̀mù gan-an. Omi eérú ń fún un, strontium sì bá a wọlé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lọ po eérú mu nílé nítorí ọ̀rọ̀ tí mo sọ yìí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rí ni bí gbólóhùn kan nínú ìwé àtijọ́, tí ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé ti fojú fò, ṣe wá pàdé nọ́ńbà tí ẹ̀rọ tẹ̀ jáde ní nǹkan bí ẹgbàá ọdún lẹ́yìn rẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ padà sí ojú agbo inú sinimá. Gbogbo oníjà ibẹ̀ ló ní iṣan gbàǹgbà, ikùn wọn tẹ́ pẹrẹsẹ, bí ẹni tó ń lọ sí ilé ìdárayá lójoojúmọ́. Oúnjẹ ọkà òun ẹ̀wà kì í sábà ṣe irú ara bẹ́ẹ̀. Grossschmidt gbà pé ọ̀rá wà lára wọn, pé wọ́n sì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀: idà tó bá gé ọ̀rá á ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ kí òǹwòran lè pariwo, ṣùgbọ́n kò ní tètè dé iṣan ńlá. Èrò onímọ̀ ni apá ọ̀rá yìí. Egungun kì í ṣàfihàn ọ̀rá. Ọ̀rọ̀ oúnjẹ ni egungun jẹ́rìí sí. Ẹ kọ́ láti ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ bí ẹ bá ń ka ìròyìn sáyẹ́ǹsì.

Ọgbẹ́ ara egungun náà tún sọ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ọ̀pọ̀ agbárí níbẹ̀ ló ní ojú ọgbẹ́ tó ti jinná dáadáa. Egungun tó ṣẹ́ tó sì jinná á fi ibi tó wú sílẹ̀, etí rẹ̀ á ti dán. Èyí tó ṣẹ́ nígbà ikú á mú ṣóńṣó. Bí ọgbẹ́ bá jinná dáadáa bẹ́ẹ̀, ó jọ pé ẹnìkan tọ́jú rẹ̀. A sì mọ irú ẹni bẹ́ẹ̀: Galen, oníṣègùn tí ìwé rẹ̀ darí ìṣègùn ilẹ̀ Yúróòpù fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún, dókítà àwọn oníjà ló kọ́kọ́ jẹ́ ní Pergamum láti nǹkan bí ọdún 157. Àwọn agbárí náà kò kún fún ọgbẹ́ láti gbogbo ìhà, bó ṣe máa ń rí lára ẹni tí èrò rọ́ lù lójú ogun. Ó jọ ìjà ẹni kan sí ẹni kan, pẹ̀lú òfin. Àwòrán tí àwọn ará Róòmù fi òkúta wẹ́wẹ́ tò sí ilẹ̀ yàrá fi rẹfirí hàn wá, ó dúró pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́. Oníjà tí wọ́n kọ́ jẹ́ owó ńlá lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, òun kọ́ ni wọn yóò kàn máa pa dànù bí ìgbà tí wọ́n ń pa eṣinṣin nínú sinimá.

Àtàǹpàkò ńkọ́? Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n: Késárì na àtàǹpàkò sílẹ̀, oníjà kú. Àwọn òǹkọ̀wé àtijọ́ sọ pé àwọn òǹwòran máa ń yí àtàǹpàkò, wọn kò sọ bóyá òkè ni tàbí ilẹ̀. Jean-Léon Gérôme, ayàwòrán ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló yà á sílẹ̀ ní ọdún 1872, tí àwọn òǹwòran na àtàǹpàkò sísàlẹ̀. Àwòrán yẹn ni wọ́n gbé lọ fi han Ridley Scott kó lè gbà láti ṣe Gladiator, ó sì gbà. Nítorí náà, ohun tí a ń pè ní Róòmù nínú fíìmù yẹn, Paris ọdún 1872 ló ti wá. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìkíni olókìkí tí àwọn tó fẹ́ kú ń kí Késárì. Ìgbà kan ṣoṣo ló wà nínú àkọsílẹ̀, ní ọdún 52, níwájú Késárì Claudius, létí adágún omi Fucino. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n kó wá jagun orí omi ló sọ ọ́, kì í ṣe gladiator.

Ti ẹṣin kò gùn. Bí ẹ bá wo ẹsẹ̀ àwọn ẹlẹ́ṣin nínú ọ̀pọ̀ fíìmù Róòmù, ẹ ó rí i pé wọ́n ki ẹsẹ̀ bọ àlùkẹ́ḿbù, irin tó so kọ́ lára gàárì. Àlùkẹ́ḿbù kò dé Yúróòpù títí di nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún kẹfà sí ìkeje. Báwo wá ni ọmọ ogun Róòmù ṣe ń jókòó lórí ẹṣin tí kì í fi í ṣubú? Peter Connolly, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tún gàárì wọn ṣe láti inú awọ àti bàbà tí wọ́n wú nílẹ̀. Ìwo mẹ́rin ló ní, méjì níwájú, méjì lẹ́yìn, tí wọ́n di itan mú ṣinṣin. Wọ́n gùn ún, ó sì ṣiṣẹ́. Òṣèré òde òní kò kọ́ irú gígùn bẹ́ẹ̀, ẹni tó bá ní kó bọ́ ẹsẹ̀ kúrò nínú àlùkẹ́ḿbù fẹ́ kó ṣẹ́ lẹ́sẹ̀ ni. Mo dáríjì wọ́n.

Èmi ò dáríjì Ben-Hur bẹ́ẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi. Fíìmù ọdún 1959 ni, William Wyler ló darí rẹ̀, Oscar mọ́kànlá ló gbà. Charlton Heston di ẹrú, wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè é mọ́ ìjókòó, ó ń wa ọkọ̀ ogun bí onílù ti ń lù. Ìran náà wọni lára gan-an, ó sì ti gbin èrò kan sí ọkàn àwọn ènìyàn tí kò ní tètè kúrò. Àmọ́ ọmọ òmìnira ni àwọn awakọ̀ ogun Róòmù, láti àwọn ilẹ̀ abẹ́ ìjọba wọn. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ń sìn, lẹ́yìn rẹ̀ wọ́n á di ọmọ ìlú Róòmù. Àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí wọ́n fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ dè mọ́ àjẹ̀ jẹ́ ti òkun Mẹditaréníà ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún ó lé lẹ́yìn náà.

Ìdí rẹ̀ wà nínú iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ní ọdún 1987, wọ́n sọ Olympias sómi ní ilẹ̀ Gíríìkì. Ọkọ̀ ogun àtijọ́ ni wọ́n tún kàn, àwọn 170 tó ń fi àjẹ̀ wà á sì jókòó ní ìpele mẹ́ta. Àwọn tó wá wà á fínnúfíndọ̀ ni, ara wọn le, wọ́n sì fẹ́ iṣẹ́ náà. Síbẹ̀ wọ́n ní láti kọ́ ọ gidigidi, torí bí àjẹ̀ kan bá pẹ́ díẹ̀ tàbí kó yá díẹ̀, á gbá ti ẹnìkejì rẹ̀, agbára gbogbo ọkọ̀ á sì bàjẹ́. Iṣẹ́ tó gba ọgbọ́n àti ìfọwọ́sowọ́pọ̀ tó báyìí, ta ni yóò fi lé ẹni tó ń wá ọ̀nà àtipa ọ̀gá rẹ̀ lọ́wọ́ lójú ogun?

Eré kẹ̀kẹ́ ẹṣin inú fíìmù kan náà sàn jù ú lọ. Àwọn ère dólífìn tí wọ́n fi ń ka iye ìyípo tó kù, ohun gidi ni, ó wà ní Circus Maximus ní Róòmù. Kẹ̀kẹ́ wọn ló wúwo jù. Ti ìgbà náà fúyẹ́, igi àti awọ ni, awakẹ̀kẹ́ á sì so okùn ìjánu mọ́ ìdí ara rẹ̀, á fi ọ̀bẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó lè tètè gé e bó bá ṣubú. Ẹ ro ó wò: ẹṣin mẹ́rin ń sáré, okùn wọn sì wà nídìí ẹ. Diocles, ọmọ ilẹ̀ tí a ń pè ní Portugal lónìí, ṣe iṣẹ́ yìí fún ọdún mẹ́rìnlélógún. Wọ́n kọ ọ́ sára òkúta pé ó borí nígbà 1,462 nínú eré 4,257. Bí òǹkọ̀wé fíìmù bá dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ẹ ó sọ pé ó ti pọ̀ jù.

Àwọ̀ ńkọ́? Nínú sinimá, Róòmù funfun gbòò. Nígbà tí wọ́n wú àwọn ère àtijọ́ jáde ní ilẹ̀ Ítálì, òjò àti erùpẹ̀ ti jẹ ọ̀dà ara wọn, àwọn tó rí wọn sì tún fọ ìyókù dànù, ni ayé bá gbà pé òkúta funfun ni wọ́n fẹ́. Àwọn onímọ̀ lónìí máa ń tan ìtànṣán ultraviolet sára ère. Ibi tí ọ̀dà ti wà rí á dáhùn lọ́nà tó yàtọ̀ sí ibi tí kò ti sí, bí ojú wa ò tilẹ̀ rí nǹkan kan níbẹ̀. Aró búlúù kan wà tí àwọn ará Íjíbítì ló kọ́kọ́ ń ṣe é, tí Róòmù náà lò púpọ̀. Bí a bá tan iná lásán sí i, á tan ìtànṣán infrared padà. Ojú wa ò lè rí ìyẹn, kámẹ́rà tí wọ́n tún ṣe fún un á rí i bí ìràwọ̀ nínú òkùnkùn, kódà bó ṣe ẹyọ kékeré kan ló kù. Ní ọdún 2012, ẹgbẹ́ kan tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Steven Fine ti Yeshiva University ṣáájú wọn yẹ òkúta Ẹnu Ọ̀nà Titus wò ní Róòmù, níbi tí wọ́n gbẹ́ àwọn ọmọ ogun tó ru ọ̀pá fìtílà tẹ́ńpìlì Jerúsálẹ́mù sí. Òkúta eléérú làwọn arìnrìn-àjò ń rí níbẹ̀ lójoojúmọ́. Ẹ̀rọ rí ọ̀dà pupa rúsúrúsú lára ọ̀pá fìtílà náà: wọ́n fi jọ wúrà.

Cleopatra ọdún 1963, tí Elizabeth Taylor ṣe, tún ṣe àṣìṣe tó ju ti àwọ̀ lọ. Nígbà tí ọbabìnrin náà wọ Róòmù pẹ̀lú ayẹyẹ, abẹ́ ẹnu ọ̀nà kan tó jọ ti Constantine ló gbà kọjá. Ọdún 315 ni wọ́n parí ẹnu ọ̀nà yẹn. Cleopatra ti kú ní ọdún 30 ṣáájú ìbí Jésù.

Ó kù Gladiator II, tó jáde ní ọdún 2024. Omi kún Colosseum, agbo ìjà ńlá Róòmù, ọkọ̀ ogun méjì ń jà, ẹja ekurá sì ń lúwẹ̀ẹ́ kiri lábẹ́ wọn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rẹ́rìn-ín omi náà, ṣùgbọ́n omi kọ́ ni àṣìṣe. Àwọn òǹkọ̀wé àtijọ́ sọ pé Késárì Titus fi omi kún ibẹ̀ nígbà tó ṣí i ní ọdún 80, kí wọ́n tó gbẹ́ yàrá sábẹ́ ilẹ̀ rẹ̀. Ekurá ni àṣìṣe. Omi òkun ni ẹja yẹn ń gbé, omi tó ń wọ Róòmù nínú ojú odò àfòkútamọ jẹ́ omi dídùn láti orí òkè, àti pé láti gbé ẹja ńlá bẹ́ẹ̀ láàyè láti etíkun wá sáàárín ìlú, wọn ò ní ohun tó lè ṣe é. Macrinus tí Denzel Washington ṣe wà nínú ìtàn lóòótọ́. Ọmọ Àríwá Áfíríkà ni, láti ilẹ̀ tó wà ní Algeria òní, ó sì di Késárì ní ọdún 217. Àmọ́ amòfin ni, kì í ṣe ẹrú tó di olówó.

Ẹ̀yin á wá bi mí pé, kí ló dé tí wọn kì í ṣe é bó ṣe rí gan-an? Owó wà lọ́wọ́ wọn, ọ̀mọ̀wé wà nítòsí wọn. Ìdáhùn mi rèé: sinimá kì í díwọ̀n ara rẹ̀ pẹ̀lú egungun, orí òǹwòran ló fi ń díwọ̀n ara rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń kọ Gladiator, wọ́n fẹ́ fi hàn pé àwọn gladiator máa ń polówó ọjà, bí agbábọ́ọ̀lù òde òní. Òótọ́ ni, Róòmù ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n yọ ọ́ kúrò, torí wọ́n ní kò sẹ́ni tí yóò gbà á gbọ́. Wọ́n yọ òótọ́ torí ó dà bí irọ́, wọ́n sì fi àtàǹpàkò Gérôme sílẹ̀ torí gbogbo ayé ti mọ̀ ọ́n.

Èyí kò ní kí n ní kí ẹ má wò wọ́n. Ọkàn ni sinimá wọ̀nyí ń bá sọ̀rọ̀, wọ́n sì mọ̀ ọ́n ṣe. Spartacus ọdún 1960 ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn. Níbi tí àwọn ẹrú ti dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, tí olúkúlùkù ní òun ni Spartacus kí wọ́n má bàa rí ọ̀gá wọn mú, ìran yẹn kò ṣẹlẹ̀. Spartacus kú sójú ogun ní ọdún 71 ṣáájú ìbí Jésù, wọn ò sì rí òkú rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n kan àwọn 6,000 tí wọ́n mú mọ́ àgbélébùú láti Capua dé Róòmù. Ṣùgbọ́n ẹni tó kọ eré náà, Dalton Trumbo, ti ṣẹ̀wọ̀n ní Amẹ́ríkà torí ó kọ̀ láti dáhùn nígbà tí àwọn aṣòfin bi í bóyá kọ́múníìsì ni. Wọn ò jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ hàn lára fíìmù fún ọ̀pọ̀ ọdún, Spartacus sì wà lára àwọn tí orúkọ náà kọ́kọ́ padà sí. Ìran yẹn kì í ṣe ẹ̀rí nípa Róòmù. Ẹ̀rí nípa Amẹ́ríkà ìgbà náà ni, ó sì péye.

Iṣẹ́ àṣetiléwá yín nìyí. Fíìmù Róòmù yòówù tí ẹ bá wò nínú ọlidé, ẹ dá a dúró nígbà tí ẹlẹ́ṣin bá jáde, ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ wo àwọ̀ ère, ẹ wo ibi tí omi àti iná ti wá. Ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀, kí ẹ sì kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ẹ̀rí tí ẹ óò fẹ́ kó tó di pé ẹ gbà á gbọ́. Ẹni tó bá rí gàárì oníwo mẹ́rin nínú èyíkéyìí, kó wá pè mí, màá fẹ́ wo irú fíìmù bẹ́ẹ̀.